Ramdevra: Ojúbọ Ramdev àti Àjọ̀dún Rẹ̀ ní Aṣálẹ̀ Rajasthan

Ramdevra jẹ́ abúlé kan ní agbègbè Jaisalmer, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan tó wà ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà. Aṣálẹ̀ Thar ló yí i ká, ìlú Pokaran sì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 12 sí gúúsù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú oórì Ramdev wà, akọni ọ̀rúndún kẹrìnlá kan tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń bọ bí òrìṣà, tí àwọn Mùsùlùmí sì ń bọ̀wọ̀ fún bí ẹni mímọ́. Àwọn Híńdù ń pè é ní Baba Ramdev, àwọn Mùsùlùmí ń pè é ní Rama Pir tàbí Ramsa Pir. Kò bá olùkọ́ yoga òde òní tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà tan rárá.

Lọ́dọọdún, láàárín Oṣù Kẹjọ àti Oṣù Kẹsàn-án, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn máa ń rọ́ wá sí abúlé yìí fún àjọ̀dún rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín láti ilé. Kì í ṣe ọlá ilé tàbí ẹwà ọ̀nà ló ń fà wọ́n. Ojúbọ yìí jẹ́ ti ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni dànù nítorí ìran tí wọ́n bí i sí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tí àwùjọ tẹ̀ mọ́lẹ̀ fi pọ̀ jù lọ nínú àwọn olùjọsìn rẹ̀.

Ta ni Ramdev?

Ìran ọba ni Ramdev, láti agbo ilé Tanwar nínú ẹ̀yà Rajput, àwọn jagunjagun tó ṣàkóso Rajasthan fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ajmal ni orúkọ bàbá rẹ̀, Minalde sì ni ìyá rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ajmal ń wojú àwọn òrìṣà fún ọmọ ọkùnrin, ó sì rìnrìn àjò lọ sí Dwarka ní ìpínlẹ̀ Gujarat, níbi tí wọ́n ti ń bọ Krishna. Krishna ṣèlérí fún un pé òun fúnra òun ni òun yóò wá bá a gbé. Nítorí náà, lójú àwọn olùjọsìn rẹ̀, Krishna ló tún ayé wá ní àwọ̀ Ramdev.

Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún rẹ̀, ọdún 1352 ni wọ́n bí i, ó sì wọlẹ̀ ní 1385, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 33. Balinath, bàbá olùfọkànsìn kan, ni olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ṣẹ́gun iwin búburú kan tí wọ́n ń pè ní Bhairava, tó ti sọ ẹkùn Pokaran di ahoro, tí àwọn èèyàn fi lè padà sílé. Netal, ọmọ ìdílé olóyè ní Amarkot, ni ó fẹ́ níyàwó. Ìlú náà wà ní ìpínlẹ̀ Sindh ní Pàkísítànì lónìí.

Ramdev wà lára àwọn márùn-ún tí àwọn ará Rajasthan kó pọ̀ bí olórí òrìṣà ìbílẹ̀ wọn. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Pabuji, Gogaji, Harbuji àti Mehaji. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wá láti inú àwọn ìwé mímọ́ ńláńlá àwọn Híńdù. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n kí ìṣe wọn tó sọ wọ́n di àkúnlẹ̀bọ, ẹnu àwọn akọrin ló sì gbé ìtàn wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn ìtàn tó gbé ẹ̀sìn náà ró

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ẹṣin aláṣọ kò ní í lóye ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní Ramdevra. Wọ́n ní nígbà tí Ramdev wà lọ́mọdé, ó ní òun fẹ́ ẹṣin. Wọ́n kó ojúlówó aṣọ fún télọ̀ kan pé kó fi rán ẹṣin ìṣeré fún un. Télọ̀ yìí ṣẹ́ aṣọ náà pamọ́, ó sì ki àkísà sínú ẹṣin. Bí ọmọ náà ṣe gun ẹṣin báyìí, ó fò lọ sójú ọ̀run. Ìgbà tí télọ̀ jẹ́wọ́ olè rẹ̀, tó sì tọrọ àforíjì, ni ọmọ náà tó sọ̀ kalẹ̀. Títí dòní, ẹṣin aláṣọ ni ẹbọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé wá fún un. Òmíràn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òmíràn sì ga tó ọ̀dọ́mọkùnrin, tí àwọn tó gbé e yóò máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn lójú ọ̀nà.

Ìtàn kejì dá lórí àwọn ẹni mímọ́ Mùsùlùmí márùn-ún tí wọ́n wá láti Mẹ́kà láti dán an wò. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í jẹun nínú àwo ẹlòmíràn, àwo àwọn sì wà ní Mẹ́kà. Kí wọ́n tó wí tán, àwo wọn ti wà níwájú wọn. Ni wọ́n bá gbà pé olórí gbogbo ẹni mímọ́ ni. Níbi tí wọ́n ti pàdé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Panch Pipli, wọ́n ní pákò tí wọ́n fi rin ẹnu ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ tó fi hù di igi pípal márùn-ún.

Ìkẹta jẹ́ ti Dali Bai. Ọmọ tí wọ́n rí he lára igi ni, àwọn Meghwal ló sì ń kà á sí tiwọn. Iṣẹ́ awọ àti aṣọ híhun ni wọ́n mọ àwọn Meghwal mọ́, àwọn ìran tó pe ara wọn ní ọlọ́lá kì í sì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ramdev mú un bí àbúrò. Nígbà tí Ramdev fẹ́ wọlẹ̀, Dali Bai yọ sí wọn pé ihò tí wọ́n ń gbẹ́ yẹn, tòun ni. Ó ní bí wọ́n bá bá òòyà àti òwú tí obìnrin fi ń di irun nínú rẹ̀, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì bá wọn níbẹ̀. Dali Bai ló kọ́kọ́ wọlẹ̀, kí Ramdev tó tẹ̀ lé e.

Tẹ́ńpìlì náà

Ganga Singh, ọba Bikaner, ló kọ́ tẹ́ńpìlì tó wà níbẹ̀ báyìí yí ojú oórì náà ká ní 1931. Àwọn ọmọ ìdílé Tanwar ló ń ṣe àwòrò níbẹ̀. Nínú yàrá tí oórì wà, fìtílà kan wà tí wọn kì í jẹ́ kó kú. Wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ bo oórì náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí oórì àwọn ẹni mímọ́ Mùsùlùmí. Àgbọn, ṣúgà dídì àti tùràrí ni èèyàn ń mú wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ kéékèèké rẹ̀ ní àwọn abúlé, ipa ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ni wọ́n ń bọ dípò ère.

Oórì Dali Bai kò jìnnà sí tirẹ̀. Òrùka òkúta ńlá kan wà nítòsí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Àwọn olùjọsìn a máa rá gba inú rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àìsàn yóò ṣẹ́ kù sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni kànga alátẹ̀gùn kan wà, Parcha Bavdi, tí èèyàn ń fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí láti débi omi, àti adágún Ram Sarovar, tí wọ́n ní Ramdev fúnra rẹ̀ ló gbẹ́. Nínú ilẹ̀ tí òjò ti ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tó fún ìlú ní omi tó ẹni tí wọ́n ń rántí.

Àjọ̀dún náà

Oṣù Bhadrapada nínú kàlẹ́ńdà àwọn Híńdù ni wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ kejì tí òṣùpá tuntun bá lé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ tí Ramdev wọlẹ̀, ló sì máa ń parí. Ní ìdájí ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn àwòrò a fi àpòpọ̀ wàrà tútù, wàrà kíkan, oyin, ṣúgà àti òróró wàrà wẹ oórì náà, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò.

Ṣùgbọ́n ojú títì ni àjọ̀dún náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti Gujarat, Madhya Pradesh àti gbogbo igun Rajasthan, àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò a gbéra, ẹlòmíràn nínú wọn yóò rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan. Àsíá aláwọ̀ márùn-ún ló ń ṣáájú, ìlù ń tẹ̀ lé e, ariwo “Jai Baba ri!” sì ń gba ẹnu dé ẹnu. Àwọn kan kì í rìn rárá: wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á fi àmì sí ibi tí ọwọ́ wọ́n nà dé, wọ́n á dìde lọ síbẹ̀, wọ́n á sì tún dọ̀bálẹ̀, títí wọn yóò fi dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Àwọn tó ń wá ọmọ, àwọn tí ara wọn kò yá àti àwọn tó wá san ẹ̀jẹ́ ló pọ̀ jù.

Àwọn ará ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà a máa pàgọ́ dè wọ́n. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, tíì gbígbóná àti ibùsùn wà níbẹ̀. Ẹ ó rí oníṣòwò tó lówó lọ́wọ́ tó jókòó sílẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tí kò mọ̀ rí lé itan, tó ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, tó ń fi òróró wọ́ ọ, tó ń fi oògùn sí ibi tó bó. Ní ilẹ̀ tí fífọwọ́ kan ẹni tí ìran rẹ̀ rẹlẹ̀ ti jẹ́ èèwọ̀, iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Ó ń sọ ẹ̀kọ́ Ramdev di ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Orin àti ijó

Láti alẹ́ mọ́jú ni wọ́n fi ń kọrin ìyìn rẹ̀ nínú àìsùn tí wọ́n ń pè ní jamma. Àwọn ìran Kamad ló ni ijó Terahtali. Ìjókòó ni àwọn obìnrin wọn ti ń jó o. Aro kéékèèké mẹ́tàlá ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń lò: mẹ́sàn-án wà lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìgúnpá méjèèjì, ó sì fi okùn mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ méjèèjì. Èyí tó wà lọ́wọ́ ló fi ń lu àwọn yòókù, tòun ti ìkòkò lórí tàbí idà lẹ́nu nígbà mìíràn, bí àwọn ọkùnrin ti ń ta ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tí wọ́n sì ń kọrin.

Ẹ̀sìn náà ní ibòmíràn

Ní Jodhpur, òkè Masuria ni oórì Balinath, olùkọ́ rẹ̀, wà, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò a sì kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà àti Pàkísítànì ní 1947, ààlà gba àárín àwọn olùjọsìn rẹ̀ kọjá. Àwọn Híńdù Sindh ń ṣe àjọ̀dún tiwọn ní tẹ́ńpìlì Rama Pir tó wà ní Tando Allahyar, ó sì wà lára àpéjọ Híńdù tó tóbi jù lọ ní Pàkísítànì.

Onímọ̀ Dominique-Sila Khan tẹ ìwé kan jáde ní 1997 nípa Ramdev. Ó jiyàn pé àwọn oníwàásù Ismaili, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, lọ́wọ́ nínú ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn náà. Yálà a fara mọ́ ọn tàbí a kò fara mọ́ ọn, ó jẹ́ kó yé wa pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀sìn méjèèjì ti ń pàdé níbẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ

Ramdevra ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ọkọ̀ kún ọkọ̀ lásìkò àjọ̀dún. Pápákọ̀ òfuurufú ńlá wà ní Jodhpur. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn èrò lè lọ ní oṣù mìíràn, nítorí ọjọ́ kejì òṣùpá tuntun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ Ramdev. Ẹni tó bá lọ lásìkò àjọ̀dún, kó múra sílẹ̀ láti tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó mú omi dání, kó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó sì bo orí rẹ̀. Kí ó má sì fi oórì Ramdev nìkan mọ. Bí ó bá ti kí Ramdev tán, kó yà kí Dali Bai, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí tí oórì obìnrin yẹn fi wà níbẹ̀ ti mọ ohun tí Ramdevra dúró fún.