Láti awọ dé ike líle: Báwo ni bàtà síkì orí omi ṣe di ohun tó lè gba kókósẹ̀ là tàbí kó ṣẹ́ ẹ?

Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, ọdún 1922 ni. Ó ku ọjọ́ kan kí Ralph Samuelson pé ọmọ ọdún 19.

Lórí adágún omi Pepin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Lake City ní ìpínlẹ̀ Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, arákùnrin rẹ̀, Ben, ń wa ọkọ̀ ojú omi, Ralph sì di okùn mú lẹ́yìn. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń gbìyànjú, tí Ralph sì ń rì. Lọ́jọ́ yìí, ó fẹ̀yìn díẹ̀, ó gbé imú pákó méjèèjì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò lómi. Ọkọ̀ fà á, ó sì dìde dúró.

Bí eré síkì orí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí Samuelson rò kò le. Bí ènìyàn bá lè fi pákó yọ̀ lórí yìnyín, kí ló dé tí kò fi ní lè yọ̀ lórí omi? Ó kọ́kọ́ lo pákó tí wọ́n tú lára àgbá, ó rì. Ó lo síkì orí yìnyín, ìyẹn náà rì. Ló bá ra pákó igi páìnì méjì, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, tí wọ́n sì fẹ̀ ní íńṣì 9. Ó se imú wọn nínú ìkòkò bàbà ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi rọ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n sókè.

Ní ti ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà, ó kan awọ mọ́ àárín pákó, ó sì ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bí ẹni wọ sálúbàtà. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà dúró lórí ọ̀rọ̀ awọ náà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro tó ṣì ń da àwọn eléré yìí láàmú dòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan dá a sílẹ̀, ẹlòmíràn gbàwé

Samuelson kò lọ gba ìwé kankan láti fi hàn pé òun ló ni iṣẹ́ ọpọlọ náà. Ní ọdún 1925, Fred Waller, ará Long Island ní New York, gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba lórí síkì orí omi tó sọ ní "Dolphin Akwa-Skees". Waller yìí kan náà ló wá ṣe Cinerama, sinimá ojú fífẹ̀ tó jáde ní 1952.

Samuelson ní tirẹ̀ fara pa lẹ́yìn, ó fi eré náà sílẹ̀, ó sì di ẹni tó ń sin tòlótòló. Ó di ọdún 1966 kí àjọ tó ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Ọdún 44 gbáko.

Ohun rere kan wà nínú awọ ìgbà náà tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Bí eléré bá ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ kíá. Pákó á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, òun náà á gba tirẹ̀. Àmọ́ kò ṣeé fi yí kíkankíkan. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ sí ọ̀tún, ó lè máà jẹ́ ọ̀tún ni pákó máa lọ.

Okùn tó kúrú ju ọ̀nà lọ

Ní 1939, wọ́n ṣe ìdíje àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní Jones Beach ní New York. Ti àgbáyé tẹ̀lé e ní 1949 ní Juan-les-Pins, lórílẹ̀-èdè Faransé. Nínú àwọn ìdíje yìí, slalom ló ń béèrè jù lọ lọ́wọ́ ẹsẹ̀.

Síkì kan ṣoṣo ni eléré ń gùn, ẹsẹ̀ kan níwájú, ìkejì lẹ́yìn. Ọkọ̀ ń lọ tààrà láàárín. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà léfòó lórí omi, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, eléré sì gbọ́dọ̀ máa rékọjá láti apá kan sí èkejì kó lè yí gbogbo wọn po. Ìwọ̀n eré ọkọ̀ fún àwọn ọkùnrin máa ń dé kìlómítà 58 ní wákàtí kan, ti àwọn obìnrin 55.

Bí ó bá yege, wọn kò ní mú ọkọ̀ yára sí i mọ́. Okùn ni wọ́n ń gé kúrú. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti mítà 18.25, ó sì lè kúrú dé mítà 10.25, àní 9.75 fún àwọn ògbólógbòó.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Mítà 11.5 ni bọ́ọ̀lù fi jìnnà sí àárín ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Okùn kò tó o dé ibẹ̀ mọ́. Ara eléré àti apá tó nà ló máa dí àlàfo náà. Ó máa dùbúlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, kí síkì lè yí bọ́ọ̀lù náà po. Ẹni tó fi sálúbàtà dé ibẹ̀ kò ní padà pẹ̀lú síkì rẹ̀.

Nítorí náà ni rọ́bà fi gbapò awọ. Wọ́n ṣe é ní abala méjì, ọ̀kan bo iwájú ẹsẹ̀, ìkejì di gìgísẹ̀ mú. Ó le débi pé àwọn eléré a máa fi ọṣẹ pa ẹsẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, rọ́bà ni gbogbo ayé ń lò, àwọn kan kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà kò ní ìlànà. Tuntun kò rí bí ògbólógbòó. Èyí tó burú jù ni kí gìgísẹ̀ yọ, kí ọmọ ìka sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Síkì á wá di ọ̀pá tó ń lọ́ ẹsẹ̀ náà. Kókósẹ̀ lè kán, iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ sì lè já.

Ẹ̀kọ́ láti orí yìnyín

Àwọn tó ń ṣeré lórí yìnyín ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní 1937, Hjalmar Hvam, ọmọ Norway tó ń gbé ní Oregon, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí òkè Hood. Ìtàn rẹ̀ sọ pé bó ṣe ta jí ní ilé ìwòsàn ló béèrè fún pẹ́ńsùlù àti ìwé, tó sì ya àwòrán irin tó lè tú bàtà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá lọ́. Ní 1939, ó ti ń tà á, ó pè é ní Saf-Ski.

Nígbà tó di ọdún 1960 sókè, Bob Lange gbé bàtà oníke líle jáde fún síkì orí yìnyín. Ike kì í fà bíi rọ́bà. Bí eléré bá ti mi ẹsẹ̀, síkì á gbọ́.

Nígbà tí àwọn ti orí omi náà gba ike, wọ́n bá ìbéèrè Hvam pàdé. Bàtà líle kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Bàtà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò lára síkì.

Ilé iṣẹ́ Reflex gbé bàtà iwájú sórí irin Silvretta 404, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi síkì gun òkè yìnyín. Ó ń di gìgísẹ̀ mú, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń dín in kù tàbí mú un le. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sábà máa ń wà lábẹ́ rọ́bà lásán tó bo iwájú ẹsẹ̀ nìkan, kó lè tètè yọ.

Goode ní ìpínlẹ̀ Utah, tí wọ́n mọ̀ fún síkì carbon fibre, gba ọ̀nà mìíràn. Bàtà méjèèjì wà lórí pẹpẹ kan, ohun ìlẹ̀mọ́ kan tó ń gán ara rẹ̀ mú ló sì so pẹpẹ náà mọ́ síkì. Tó bá máa já, méjèèjì á jọ já. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: bí bàtà kan bá já tí ìkejì kò já, ẹsẹ̀ tó kù ló máa gba gbogbo ìyà náà.

Ọ̀nà wo ló dára jù? Àwọn eléré ṣì ń jiyàn lé e lórí, àwọn méjèèjì ló sì ní àwọn tó ti borí pẹ̀lú rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Bí irin bá le jù, kò ní já, ẹsẹ̀ á kán. Bí ó bá rọ̀ jù, á já nígbà tí kò sí ìṣubú rárá, ní àárín yíyí, ara á sì kọlu omi pẹ̀lú gbogbo eré tó wà lára rẹ̀.

Lórí yìnyín, àtẹ kan wà tí àwọn ilé ìtajà fi ń mọ bí irin ṣe yẹ kó le tó, wọ́n ń wo ìwọ̀n ara, gíga, ọjọ́ orí, bí ènìyàn ṣe mọ eré náà tó àti gígùn bàtà. Lórí omi, kò sí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé jọ ń lò. Eléré ló ń wá tirẹ̀ rí.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi máa ń wọ bàtà sórí síkì lórí koríko kí wọ́n tó wọ omi. Wọ́n á rọra ṣubú síwájú, wọ́n á wò ó bóyá gìgísẹ̀ máa tú, wọ́n á yí nọ́ńbà irin náà díẹ̀, wọ́n á sì tún ṣubú.