Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó

Ní ayé àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ní àríwá Èkìtì ni ó ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe: Ẹlẹ́kọ̀lé ní Ìkọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ ní Ọ̀yẹ́, Ọlọ́jùdó ní Ìdó. Ọba kan kì í pàṣẹ fún èkejì. Àìfìmọ̀ṣọ̀kan ni ó jẹ́ kí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn rọ́nà ni Èkìtì lára, títí a fi dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, tí a sì ja Ogun Kírìjì láti 1877 dé 1893. Ní 1900, àwọn ọba mẹ́rìndínlógún jọ jókòó ní Òkè-Ìmẹ̀sí, nínú ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Pelúpelú.

Lẹ́yìn èyí ni ìpín tún dé. Ní 1989, a yọ Ọ̀yẹ́ kúrò lára Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Èkìtì. Lónìí, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Òsì ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìjọba tí ó súnmọ́ ilé ni ará oko lè tètè tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà, odò àti ọjà kò mọ ààlà. Ẹ jẹ́ kí a pín iṣẹ́. Kí a má ṣe pín ọkàn.