Imú Ẹlẹ́dẹ̀ àti Páìpù Tó Ń Gbọ̀n

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Sùúrù la sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọgbà ńkọ́? Ó yẹ kóun náà mọ̀ pé agbára ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló ń ba ọgbà jẹ́, iye ìgbà tó ń padà wá ni. Ojú ẹni tó lọgbà ni mo fẹ́ ká fi wo páìpù irin tí ẹ̀rọ ń mì, torí báyìí gẹ́lẹ́ ni àárẹ̀ ṣe ń mú irin.

Láti Ìkàrẹ́, gba Àkùngbá kọjá dé Ọ̀kà, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ilé epo, ilé ìwòsàn àti báǹkì ń gbójú lé. Torí pé 50 hertz ni iná ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń lo dísẹ̀lì ló ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo páìpù tó so mọ́ ọn ló ń bá a gbọ̀n: ti èéfín, ti dísẹ̀lì, àti èyí tínrín tí gèéjì wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. ASME B31.3, ìlànà tí àwọn ẹnjiníà ń tẹ̀ lé lórí páìpù ilé iṣẹ́, fi nǹkan bí ìgbà 7,000 ṣe ìpìlẹ̀ fún páìpù tí ooru ń mú fẹ̀ tí òtútù sì ń mú súnkì. Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná tó ń tutù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó ju ọdún 19 lọ kí 7,000 tó pé. Páìpù tó ń bá jẹnẹrétọ̀ yẹn gbọ̀n yóò ti kà á tán kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, yóò sì pé mílíọ̀nù kan kí wákàtí méjìlá tó pé.

August Wöhler, ẹnjiníà ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì, ti fi ẹ̀rí gbe èyí lẹ́sẹ̀ nígbà tó fi di ọdún 1870. Ó rí i pé ẹrù tó kéré gan-an sí èyí tó lè ṣẹ́ irin lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ṣẹ́ ẹ, bó bá ti ń padà wá. Ó tún rí i pé ìwọ̀n kan wà, tí ẹrù bá ti rẹlẹ̀ sí i, irin fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa gbà á títí. Ibẹ̀ ni ìrètí wa wà: kò sẹ́ni tó lè dín iye ìgbà kù, títẹ̀ irin náà la gbọ́dọ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n ojú tí wẹ́dà jó kì í lè gba tó ara páìpù, bí ìpẹtà bá sì wọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí à ń gbójú lé kò sí mọ́.

Ẹnìkan lè ní ká ra páìpù tó nípọn, ó parí. Kò parí. Bí páìpù ṣe ń nípọn ló ń le, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wúwo, nítorí náà bó ṣe máa ń yára gbọ̀n sí bí a bá gbá a kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ìyẹn bá lọ ṣe déédéé pẹ̀lú ti ẹ̀rọ, gbígbọ̀n náà á di ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po. Ibi tí a ti gbé e ró ló ń yí i padà: dín àlàfo tó wà láàárín ìgbéró méjì kù sí ìdajì, gbígbọ̀n rẹ̀ yóò yára ní ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á ní oṣù mẹ́fà rèé, kò tíì ṣe nǹkan kan. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí irin tó ti gba mílíọ̀nù mẹ́wàá láìsán, ó ṣeé ṣe kó pẹ́, bí nǹkan kò bá yí padà. Àmọ́ nǹkan ń yí padà: nọ́ọ̀tì a máa tú, rọ́bà abẹ́ ẹ̀rọ a máa gbó. Bí kọ̀ǹpútà tí ẹnjiníà fi ṣírò bá sì ní páìpù dára, ẹrù tí a kó fún un nìkan ló dáhùn lé lórí. Bí páìpù ṣe ń gbọ̀n gan-an, àfi ká lọ wọ̀n ọ́n níbi tó wà.

Ẹ wo ojú páìpù tó ti ṣẹ́ báyìí. Apá kan á dán, ìlà wẹ́wẹ́ á tò sórí rẹ̀. Apá tó já gbẹ̀yìn á rí ṣákiṣàki. Bí apá tó dán bá fẹ̀ ju ṣákiṣàki lọ fíìfíì, ẹrù kò pọ̀, ìgbà ló pọ̀. Irin àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń jó mọ́ irú rẹ̀ kò kan ohun tó ń ṣe é: ibẹ̀ á le, páìpù á sì tún sán létí àlẹ̀mọ́. Kí a gé páìpù gèéjì kúrú, kí a sì dì í mọ́ ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa mì. Bí a bá dì í mọ́ ògiri, ẹ̀rọ ń mì, ògiri dúró, ojú tí wẹ́dà jó ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Páìpù èéfín ló yẹ ká gbé kọ́ ògiri, lẹ́yìn tí a bá ti fi ìsopọ̀ tó ń rọ̀ yà á kúrò lára ẹ̀rọ.