Lil Hardin nídìí Dùùrù

Bí ènìyàn bá gbọ́ àwọn àwo orin tí ẹgbẹ́ jáàsì King Oliver ṣe ní ọdún 1923, fèrè ni yóò kọ́kọ́ gba etí rẹ̀. Fèrè kọ́nẹ́ẹ̀tì méjì ń dún pọ̀, kílárínẹ́ẹ̀tì ń sáré lókè wọn, tùrọ̀mbóònù ń fa ohùn nísàlẹ̀. Dùùrù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí olúwa rẹ̀ tẹ́tí gidi kó tó gbọ́ ọ. Lillian Hardin, tí àwọn olórin jáàsì mọ̀ sí Lil, ló jókòó sídìí dùùrù yẹn. Ọmọ ọdún 25 ni, òun nìkan sì ni obìnrin nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìtàn jáàsì máa ń dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Louis Armstrong, wọn a sì kọjá lọ. Ohun tó wà nínú àwọn àwo náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1898. Ìyá rẹ̀, Dempsey, kò fẹ́ gbọ́ orin blues sétí rárá. Orin àwọn oníwàkiwà ló kà á sí. Orin ìsìn àti orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù ló fẹ́ kí ọmọ òun máa tẹ̀, ó sì rán an lọ sí Fisk University ní Nashville, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin ní Amẹ́ríkà. Lil kò parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní 1918, tìyá tọmọ kó lọ sí Chicago, lákòókò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣí kúrò ní gúúsù lọ́pọ̀ yanturu.

Ilé ìtajà Jones Music Store ló ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ó ń tẹ orin inú ìwé fún àwọn oníbàárà kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò rà, dọ́là 3 lọ́sẹ̀ sì ni owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni Jelly Roll Morton, atẹdùùrù jáàsì, wọlé bá a lọ́jọ́ kan, tó jókòó, tó sì kọlu dùùrù náà tagbáratagbára. Nínú àwo ìtàn ayé rẹ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní 1956, Lil ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń fi agbára tẹ dùùrù. Kò pẹ́ sí i ni àwọn olórin New Orleans kan wá atẹdùùrù. Lil béèrè ìwé orin lọ́wọ́ wọn. Wọn kò ní. Ó béèrè ohùn tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ti gbọ́ kí wọ́n kan nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kó sáà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbà á, ní dọ́là 27 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Èyí wú mi lórí púpọ̀: ọmọ tó fi ojú kọ́ orin láti kékeré kó sáàárín àwọn tó ń fi etí ṣe é, kò sì ṣubú.

Ọ̀dọ̀ King Oliver ló bá iṣẹ́ dé. Ní 1922, Oliver ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin afọnfèrè kan wá láti New Orleans. Louis Armstrong nìyẹn. Ní ọjọ́ 5 àti 6 oṣù Kẹrin ọdún 1923, ẹgbẹ́ náà lọ sí Richmond ní ìpínlẹ̀ Indiana láti gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Gennett. Inú ọgbà Starr Piano Company, tó ń ṣe dùùrù tà, ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wọn wà, lẹ́bàá ojú irin; bí ọkọ̀ bá ń kọjá, iṣẹ́ á dúró. Kò sí gbohùngbohùn oníná. Ìwo ńlá kan ni gbogbo wọn kọjú sí, ìró tó gba inú rẹ̀ wọlé ló sì ń mi abẹ́rẹ́ tó ń kọ orin sára ìda. Ìwo yẹn ń gbé fèrè dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé dùùrù, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ìlù ńlá. Lil sọ pé ńṣe ni wọ́n ní kí Louis lọ dúró sí òkèèrè kí fèrè rẹ̀ má baà bo ti Oliver mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ nínú “Chimes Blues” la ti gbọ́ Louis tó dá fọn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àwo.

Àwọn kan máa ń sọ pé Lil kò mọ dùùrù tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í dá ṣeré gígùn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ro ohun tí ọ̀gá Lil ń fẹ́. Nígbà tí Lil gbìyànjú láti máa fi ìka sáré kiri lórí dùùrù, Oliver rán an létí pé ẹgbẹ́ náà ti ní kílárínẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tẹ ìlù mẹ́rin mẹ́rin láìyẹsẹ̀, bí omele ṣe ń di ìlù mú kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀.

Lil àti Louis ṣègbéyàwó ní oṣù Kejì ọdún 1924. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé kí ọkọ òun fi Oliver sílẹ̀, torí pé kò sí bó ṣe lè ga níwájú ọ̀gá rẹ̀. Louis lọ bá ẹgbẹ́ Fletcher Henderson ní New York. Ní 1925, Lil, tó ti ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ilé ijó Dreamland, gba dọ́là 75 lọ́sẹ̀ fún un kó lè padà wá sí Chicago.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Hot Five, ẹgbẹ́ Louis fúnra rẹ̀, gba orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ OKeh. Kò sí onílù nínú wọn, kò sí bass. Dùùrù Lil àti bánjò Johnny St. Cyr nìkan ló gbé fèrè mẹ́ta dúró. Yàtọ̀ sí dùùrù títẹ̀, Lil ń kọ orin fún wọn. Tirẹ̀ ni “My Heart”, ọ̀kan nínú orin ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Òun náà la mọ̀ lónìí sí ẹni tó kọ “Struttin' with Some Barbecue” ti 1927, tí àwọn olórin jáàsì kò yé lò títí di ìsinsìnyí. Ní 1926, àwọn márùn-ún kan náà ṣe àwo fún ilé iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ orúkọ Lil's Hot Shots. Nígbà tó di 1928, Earl Hines ló wá ń bá Louis tẹ dùùrù nínú àwo. Ní ti dídá dùùrù tẹ̀, Hines ju Lil lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí Hines bá ti ní orúkọ kó tó dé ibẹ̀.

Àwo kan wà tó yani lẹ́nu. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ní Hollywood, Lil àti Louis bá Jimmie Rodgers, aláwọ̀ funfun olórin ìgbèríko, ṣe “Blue Yodel No. 9”. Orúkọ àwọn méjèèjì kò sí lára àwo náà. Wọ́n pínyà ní 1931, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1938. Lil ṣe àwo fún Decca láàárín 1936 sí 1940, orin ló sì ń kọ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì rán aṣọ fún Louis. Louis kú ní oṣù Keje ọdún 1971; ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, níbi eré ìrántí rẹ̀ ní Chicago, Lil ṣubú nídìí dùùrù, ó sì kú.

“Just for a Thrill”, tí òun àti Don Raye jọ kọ, ti wà nínú àwo tirẹ̀ láti 1936, ṣùgbọ́n ìgbà tí Ray Charles kọ ọ́ ní 1959 ló tó tàn kálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọwọ́ Lil fúnra rẹ̀, kó wá “Perdido Street Blues” tí ẹgbẹ́ New Orleans Wanderers ṣe fún Columbia ní oṣù Keje ọdún 1926. Louis kò sí níbẹ̀. George Mitchell ló fọn fèrè. Ohun èlò tuntun oníná ti ń wọlé sílé iṣẹ́ àwo orin nígbà yẹn, a sì lè gbọ́ bí dùùrù Lil ṣe ń ti kílárínẹ́ẹ̀tì Johnny Dodds lẹ́yìn.