Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ọkọ̀ Sìlálọ́mù fún Ẹni Tó Ń Padà Sójú Omi

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Idasen la ti jọ ṣẹ̀, àmọ́ ọmọdé ni wọ́n nígbà tí bàbá wọn kó wọn lọ sọ́hùn-ún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n fẹ́ bá mi sọ. Wọ́n kàn ní, "Àbúrò, ṣebí ìtàn lo ń kọ́ ní yunifásítì? Ó yá, bá mi yan ọkọ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bọ̀dá mi, èmi tí mi ò tíì lè ra kẹ̀kẹ́?" Wọ́n ní kì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ omi ni. Kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn Ìlàjẹ fi ń pẹja. Èyí tí wọ́n fi ń díje lórí omi tó ń ru gùdù ni, tí wọ́n ń pè ní sìlálọ́mù.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé nígbà èwe wọn, ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń wà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ní 2003, àìsàn dá bàbá wọn dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé àjẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n wá iṣẹ́ lọ. Bàbá ti lọ báyìí, àwọn fúnra wọn sì ti di ẹni ọdún 41. Ìgbà tí wọ́n padà sí etí omi lọ́dún yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yá wọn ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí ìdí ọkọ̀ náà fi rì, tó sì dojú dé pẹ̀lú wọn. Wọ́n gbìyànjú láti yí i padà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò ṣeé ṣe. Abẹ́ omi ni wọ́n ti já ara wọn gbà.

Wọ́n ní, "Ó dà bíi pé omi ti gbàgbé mi. Bóyá kí n kúkú jọ̀ọ́ rẹ̀."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dùn mí. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fi irú ìtara bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohunkóhun. Mo wá lọ kàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín: omi kò gbàgbé wọn. Ọkọ̀ ló yí padà, ara wọn náà sì yí padà.

Kí ni sìlálọ́mù gan-an?

Tí ẹ bá ti dúró sórí afárá odò nígbà òjò rí, bí irú odò Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé gbe Ọ̀wọ̀ lórúkọ, ẹ ó ti rí i pé omi kì í sáré síbì kan ṣoṣo. Tó bá kọlu òpó afárá tàbí òkúta, yóò pín, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì ṣẹ́rí padà sẹ́yìn òkúta náà, bíi pé ó fẹ́ lọ sí ibi tó ti wá. Omi tó ń lọ àti omi tó ń ṣẹ́rí padà yìí ni eré sìlálọ́mù dá lé.

Wọ́n á so ọ̀pá méjì méjì rọ̀ sókè omi, ìyẹn ni géètì. Èyí tó ní àwọ̀ ewé, bí omi ṣe ń lọ ni wàá gbà á kọjá. Èyí tó pupa, o ní láti yí ọkọ̀ padà kí o gbà á ní òdìkejì sí omi. Géètì 18 sí 25 ló máa ń wà lójú ọ̀nà kan, díẹ̀ nínú wọn á sì jẹ́ pupa. Tí o bá fara kan ọ̀pá, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún àkókò rẹ. Tí o bá fo géètì, 50 ni wọ́n á fi kún un, eré ti bàjẹ́ nìyẹn.

Irú ọkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Nínú K1, èèyàn jókòó, ó na ẹsẹ̀ síwájú, àjẹ̀ rẹ̀ sì ní abẹ́ ní ìhà méjèèjì. Nínú C1, orí orúnkún ló wà, abẹ́ kan ṣoṣo ni àjẹ̀ rẹ̀ ní. Ẹ má fi èyí wé eré tí Ayomide Bello ṣojú Nàìjíríà nínú rẹ̀ ní Tokyo o. Ìyẹn, orí omi tó dákẹ́ ni, tààrà ni wọ́n ń sá, ọkọ̀ wọn sì gùn dáadáa.

Ọkọ̀ gígùn, ọkọ̀ kúkúrú

Gígùn yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, kan igi lábẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ni igi náà. Nǹkan bí ọdún 8,000 ni àwọn onímọ̀ fojú bù fún un, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ tó dàgbà jù lọ tí wọ́n tíì rí láyé. Gígùn rẹ̀ tó mítà 8.4. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ọkọ̀ gígùn a máa rìn tààrà, a sì máa gbẹ́rù. Ṣùgbọ́n yíyí rẹ̀ padà, iṣẹ́ ni. Ọkọ̀ kúkúrú ní tirẹ̀ a máa tètè yí, kò sì ní rìn tààrà àfi tí ẹni tó ń wà á bá tọ́ ọ sọ́nà. Gbogbo ìtàn ọkọ̀ sìlálọ́mù, ìjà láàárín méjèèjì yìí ni.

Ilẹ̀ Switzerland ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Wọ́n wo bí àwọn eléré orí yìnyín ṣe ń gba àárín ọ̀pá sáré bọ̀ láti orí òkè, wọ́n sì gbé e wá sórí omi. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Geneva ní 1949. Nígbà náà, igi ni egungun ọkọ̀, aṣọ tí omi kò lè wọ̀ ni wọ́n sì fi bò ó. Nígbà tó yá ni fáíbà dé, ọkọ̀ wá fúyẹ́, a sì lè mọ ọ́n sí irú ìrísí tó bá wuni.

Ní 1972, eré náà wọ Òlíńpíìkì ní Munich. Augsburg ni wọ́n ti ṣe é, nínú odò àtọwọ́dá. Àwọn Ìlà-Oòrùn Jámánì lọ kọ́ irú odò náà sí Zwickau nílé wọn, wọ́n ń fi í dánra wò. Wúrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Òlíńpíìkì kò tún gbọ́ orúkọ sìlálọ́mù mọ́ fún 20 ọdún, àfi ìgbà tó di Barcelona ní 1992.

Àárín àkókò yẹn ni ohun tó da Bọ̀dá mi sómi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà méjì, Jon Lugbill àti Davey Hearn, ń tún ìrísí C1 ṣe. Wọ́n fẹ́ ẹ pẹlẹbẹ ní iwájú àti ní ìdí, kí ó lè gba abẹ́ ọ̀pá kọjá láì fara kàn án. Ní ìdíje àgbáyé ti 1979 ní Jonquière, ní Kánádà, Lugbill gba wúrà, Hearn gba fàdákà. Gbogbo ayé bá tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tún rí i pé ìdí ọkọ̀ pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ṣeé tẹ̀ rì: tí èèyàn bá fara tì sẹ́yìn díẹ̀, ìdí ọkọ̀ á wọlé sínú omi, iwájú á dìde, ọkọ̀ á sì yí pooyi lójú kan. Ọgbọ́n tó ń gba wúrà ni. Ṣùgbọ́n tí ara ẹni bá wúwo ju ohun tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, ìdí ọkọ̀ á rì nígbà tí o kò rán an níṣẹ́.

Ní 2005, òfin tún yí padà. Ṣáájú ìgbà náà, K1 kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 4 lọ. Wọ́n sọ ọ́ di mítà 3.5. Ìdajì mítà ni wọ́n gé kúrò, ọkọ̀ tuntun sì ń yí bí òòyì. Ọdún 2 péré lẹ́yìn tí Bọ̀dá mi fi omi sílẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n padà wá bá.

Àwọn tó padà

Jamie McEwan, ọmọ Amẹ́ríkà, gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú C1 ní 1972. Ìgbà tó máa tún dé Òlíńpíìkì, 1992 ni, ó sì kù díẹ̀ kó pé ọmọ 40 ọdún. Kò padà sínú C1. C2 ló wọ̀, ọkọ̀ ẹni méjì, òun àti Lecky Haller, wọ́n sì ṣe ipò kẹrin. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé èèyàn lè padà sí omi kan náà láì padà sínú ọkọ̀ kan náà.

Nítòsí wa níbí, ẹ rántí Benjamin Boukpeti. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí, ọmọ Tógò ni bàbá rẹ̀, Tógò ló sì ṣojú. Ní Athens ní 2004, nígbà ọkọ̀ mítà 4, kò dé àṣekágbá. Nígbà tó fi máa di Beijing ní 2008, gbogbo wọn ti pààrọ̀ ọkọ̀. Boukpeti ṣe ipò kẹta nínú K1, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Tógò gbà láyé nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kán àjẹ̀ rẹ̀ sí méjì lójú gbogbo ayé. Ní 2012, ó kan Nàìjíríà: Jonathan Akinyemi ṣojú wa nínú K1 ní Lee Valley, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré yìí kì í ṣe tiwa.

Ohun tí mo sọ fún Bọ̀dá mi

Mo pè wọ́n padà. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gun òṣùwọ̀n. Wọ́n ní àwọn mọ ìwọ̀n ara àwọn. Mo ní ìwọ̀n ti 2003 ni wọ́n mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gùn ún, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ yìí máa ń ṣe irú kan náà ní kékeré, àárín àti ńlá. Gígùn lè bára mu, àmọ́ àyè inú wọn yàtọ̀, olúkúlùkù ló sì ní ìwọ̀n ara tí wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń padà bọ̀, kí ó wà láàárín ìwọ̀n náà, kó má wà ní ìparí rẹ̀. Èyí tó kéré jù á rì lábẹ́ rẹ. Èyí tó tóbi jù, omi á máa gbá a kiri, ìdí rẹ̀ kò sì ní gbọ́ràn tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ rì.

Èkejì, kí wọ́n jókòó sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ìbàdí gbọ́dọ̀ dì í mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kú. Bí ẹsẹ̀ bá ti kú lórí ilẹ̀, kí lo fẹ́ fi jáde lábẹ́ omi?

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ra èyí tó fúyẹ́ jù lọ. Ọkọ̀ kábọ́ọ̀nù tí àwọn aṣáájú ń lò dára, ṣùgbọ́n òkúta kì í ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó ń padà yóò kọlu òkúta, kò sí àníàní. Àlòkù tó nípọn díẹ̀ sàn. Kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ ara rẹ̀ yíká bóyá ibì kan ti rọ̀, kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé àpò afẹ́fẹ́ wà níwájú àti ní ìdí rẹ̀.

Wọ́n wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an. Ọkọ̀ mítà 4 wọn àtijọ́ ṣì wà níbi tí wọ́n so ó rọ̀ sí nínú àká ẹgbẹ́. Bàbá wọn ló rà á. Ṣé wọn kò lè lò ó? Mo ní òfin kò kọ̀ ọ́, torí pé ó ní kí ọkọ̀ má kúrú ju mítà 3.5 lọ ni, kò ní kó má gùn jù bẹ́ẹ̀. Á tiẹ̀ léfòó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń to géètì lóde òní, ọkọ̀ kúkúrú ni wọ́n ní lọ́kàn, ogún ọdún sì ti kọjá lórí fáíbà rẹ̀. Kí wọ́n máa gbé e jáde lórí omi tó dákẹ́, láti fi rántí bàbá. Kí wọ́n má gbé e lọ sójú ìjà.

Ìkẹyìn, kí wọ́n kọ́ yíyí ọkọ̀ padà nínú adágún ìwẹ̀ kí wọ́n tó tún wọ odò, kí akoto àti ẹ̀wù ìléfòó má sì kúrò lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nílé náà, odò Ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ibi ìdánrawò láìsí wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún pè. Wọ́n ti ra àlòkù kan tó jẹ́ ti ìwọ̀n ńlá, tó ti lẹ̀ níbi méjì. Wọn kò tíì dé ìdí géètì kankan. Inú adágún ìwẹ̀ ni wọ́n ṣì wà.

Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo dojú dé lónìí. Mo dìde lẹ́ẹ̀kan láì jáde nínú ọkọ̀."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ jọ̀ọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú, pé àwọn ní láti tètè sùn, ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ tán tí àwọn á fi dé etí omi.