Láti Ojú Dígí dé Ẹnu Ọ̀nà: Kíka Ọ̀wọ́ Ìwé Lockwood & Co. ní Títẹ̀léra

Ìwé márùn-ún ni Jonathan Stroud, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sọ ìtàn Lockwood & Co. fún àwọn ọ̀dọ́ langba. The Screaming Staircase ló kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2013. The Whispering Skull tẹ̀lé e ní 2014, The Hollow Boy ní 2015, The Creeping Shadow ní 2016, The Empty Grave sì kádìí rẹ̀ ní 2017. Ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní òkú tirẹ̀ àti àṣírí tirẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti rò pé èyí tọ́wọ́ bá bà nínú wọn ṣeé kà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ìwé márààrún ń rò, pé ẹ̀rí tó gbé ẹjọ́ náà dúró jẹ́ ohun èlò kan tó ń tóbi sí i láti ìwé dé ìwé, àti pé ẹni tó bá fo ọ̀kan yóò rí iwin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tó jí wọn. Mo máa tú àṣírí ìparí ìtàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó lọ kà á ná.

London ni ibùdó ìtàn, àmọ́ kì í ṣe London tí a mọ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún tí àwọn òkú ti ń jáde lóru níbẹ̀, Ìṣòro sì ni wọ́n ń pe àjálù náà. Bí iwin bá fọwọ́ kan èèyàn, ara onítọ̀hún á wú, á di aláwọ̀ búlúù, bí wọn ò bá sì tètè dóòlà rẹ̀, ó di òkú. Àgbàlagbà kì í rí wọn. Ọmọdé ló ń rí wọn tó sì ń gbọ́ ohùn wọn, ìgbà tó bá sì dàgbà tán, ojú inú náà á pa dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ ọdẹ iwin. Ilé-iṣẹ́ ńlá méjì, Fittes àti Rotwell, ló kó ọ̀pọ̀ wọn sábẹ́, àgbàlagbà ló sì ń darí wọn. Lockwood & Co. ní tirẹ̀ kò lágbà kankan nínú ilé: Anthony Lockwood, George Cubbins, àti Lucy Carlyle tó jẹ́ asọ̀tàn, mẹ́ta péré ní Portland Row. Irin, iyọ̀, fàdákà, omi tó ń ṣàn àti òdòdó lafẹ́ńdà ni wọ́n fi ń jagun. Kò lè ya ọmọ Yorùbá tó mọ Ògún lẹ́nu pé irin lágbára. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé ta ló ń ta irin ọ̀hún.

Ìwé kìn-ín-ní ti dáhùn ìbéèrè yìí. Kò kàn jẹ́ kí a fura pé ó ti dáhùn ni. Lucy àti Lockwood wọ ilé kan lóru, wọ́n bá òkú obìnrin tí wọ́n mọ ògiri pa mọ́, ilé sì jóná mọ́ wọn lọ́wọ́. Lára òkú náà, Annie Ward, ni Lucy ti mú ẹ̀gbà ọrùn kan. Wọ́n fín lẹ́tà àti nọ́ńbà sínú ẹ̀gbà náà, lẹ́tà H sì wà lára wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fura sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hugo Blake, nítorí náà H bọ́ sí i wẹ́kú. Àṣé Hamlet ni H dúró fún, eré Shakespeare. Ìran àti ìlà inú eré náà ni nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ń tọ́ka sí. Annie ti bá wọn ṣeré orí ìtàgé rí, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n sì jọ ń ṣe é, tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ní bòókẹ́lẹ́, ni John Fairfax. Nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, Fairfax ti di àgbà olówó. Irin ló sì sọ ọ́ di olówó, irin tí gbogbo ìlú ń rà láti fi dènà iwin. Bó ṣe gbọ́ pé ẹ̀gbà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, ó gbé iṣẹ́ olówó gọbọi fún wọn ní Combe Carey Hall, ilé rẹ̀ tí iwin inú rẹ̀ burú jù, kí wọ́n lè kú síbẹ̀.

Ẹni tó ka ìwé yìí nìkan á rí apànìyàn kan tí ọwọ́ tẹ̀. Á pa ìwé dé, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá padà sí i lẹ́yìn ìwé karùn-ún á rí i pé Stroud ti ya àwòrán gbogbo ọ̀wọ́ náà sínú ìwé àkọ́kọ́ ní kékeré: oníṣòwò tó ń ta ààbò fún aráyé ló fa òkú tí aráyé ń sá fún, ọmọdé ló sì rán lọ kú sí i. Fairfax kì í ṣe aláìdáa tó ṣèèṣì bọ́ sínú ìtàn. Òun ni àpẹẹrẹ.

Inú ìwé kejì ni ohun èlò tí mo sọ ti kọ́kọ́ fara hàn. Wọ́n hú pósí irin kan ní ibi ìsìnkú Kensal Green. Òkú dókítà kan tó ń jẹ́ Bickerstaff ló wà níbẹ̀, dígí kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eegun ènìyàn ni wọ́n fi ṣe ìgbátí dígí náà, eegun tí iwin rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá wojú rẹ̀ á kú. George jí i wò fírí, láti ọjọ́ náà lọkàn rẹ̀ kò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Nínú ìwé yìí, nǹkan ìṣọdá ìgbàanì lásán ni dígí eegun jọ, iṣẹ́ ọwọ́ aṣiwèrè kan. Ohun tó yẹ kí á dì mú ni bí wọ́n ṣe ṣe é: bí ènìyàn bá kó eegun tí iwin ń gbé jọ sójú kan, ògiri tó wà láàárín ayé àti òdìkejì á fẹ́lẹ́ débi pé ojú lè là á já.

Ìwé kẹta, The Hollow Boy, ni mo kà sí ọba wọn, òun náà sì ni ẹni tó bá ń fo ìwé máa ń fò, torí ó jọ pé ìjà inú ilé ló kún inú rẹ̀. Holly Munro dé sí Portland Row. Ó mọ́ tónítóní, ó létò, inú Lucy kò sì dùn sí i rárá. Àdúgbò Chelsea dàrú nítorí iwin tó ń tú yọ lọ́tùn-ún lósì, tọ̀sán tòru ni wọ́n sì ń ṣe ìpàdé lé e lórí. George nìkan ló jókòó ti ìwé ìtàn ìlú, tó sì tọ́ka sí Aickmere's, ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n kọ́ lé orí ẹ̀wọ̀n àtijọ́. Nínú ilé ìtajà yìí ni Lucy àti Holly ti bú sórí ara wọn, iwin tó ń ju nǹkan kiri, tí ìbínú jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé ká. Kò sí ibi tí Stroud ti so ìwà ẹ̀dá pọ̀ mọ́ ẹ̀rù tó báyìí. Lucy já sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí eegun àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n tò yí ká bí òrùka, tí àárín rẹ̀ ṣófo, àmì sì wà pé alààyè kan ti dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Ìlànà dígí náà ló tún wáyé: eegun, tí a kó jọ, tí a tò yí ká. Ṣùgbọ́n kò ṣeé mú lọ́wọ́ mọ́; ènìyàn lè wọ àárín rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé. Ẹni tó bá ka ìwé kejì ló máa ní ohun tó máa fi wò ó, ẹni tí kò bá kà á máa rò pé òkìtì eegun lásán ni.

Ní ìwé kẹrin, wọ́n ti sọ ìlànà náà di iṣẹ́ ìwádìí. Lẹ́bàá abúlé Aldbury Castle ni ilé-iṣẹ́ Rotwell kọ́ ibùdó kan sí. Nínú rẹ̀ ni òrùka ńlá ti àwọn ohun tí iwin ń gbé wà, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin tó gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó wọ ẹ̀wù irin lè rìn lọ sí òdìkejì kó sì padà. Òjìji ńlá tí àwọn ará abúlé ń rí, tí wọ́n rò pé òkú ni, alààyè ni. Bó ṣe ń kọjá lọ́hùn-ún ni òkú ń jí níhìn-ín. Gbólóhùn yìí ni kókó gbogbo ọ̀wọ́ náà, ìwé kẹrin ló sì gbà kí ó tó ṣeé sọ.

Ìwé karùn-ún kò ṣe ju kó dárúkọ ẹlẹ́bi. Marissa Fittes, akọni obìnrin tó dá iṣẹ́ ọdẹ iwin sílẹ̀, tí gbogbo ìlú ń bọlá fún, kò sí nínú ibojì rẹ̀. Penelope tí wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Marissa fúnra rẹ̀ ni. Òdìkejì ló ti ń kó agbára àwọn òkú wá, òun ló sì fi ń ṣe ọ̀dọ́. Òun àti Tom Rotwell ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí, Ìṣòro sì bẹ̀rẹ̀. Láti dígí dé òrùka eegun, láti òrùka dé ẹnu ọ̀nà òdìkejì, láti ẹnu ọ̀nà náà dé olú ilé-iṣẹ́ Fittes tó ń gba àwọn ọmọdé síṣẹ́: bí ẹ̀rí ṣe gorí ara wọn nìyẹn.

Ẹlẹ́rìí kan tún wà tó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgò kan wà nílé Lockwood tí agbárí òkú wà nínú rẹ̀. Ìparí ìwé kìn-ín-ní ló kọ́kọ́ bá Lucy sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń yínmú sí wọn, tó ń bú wọn, tó ń parọ́ mọ́ òótọ́. Ìparí ìwé kẹrin ló wá jẹ́wọ́ fún Lucy pé Penelope ni Marissa, nítorí Marissa nìkan ló tíì bá òun sọ̀rọ̀ rí kí Lucy tó dé. Ọgbọ́n tí Stroud dá síbẹ̀ wù mí púpọ̀: ẹni tí ẹnu rẹ̀ burú jù, tí a ti fi ìwé mẹ́ta kọ́ra láti má gbà gbọ́, ló gbé òótọ́ dání. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kẹrin, agbárí náà kàn jẹ́ apanilẹ́rìn-ín tó wá tú àṣírí. Àìgbàgbọ́ náà gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó lè dùn wá.

Àwa náà ní ọ̀wọ́ ìwé. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí lò nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka èkejì kò pàdánù nǹkan bàbàrà, torí Lápàdé ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ẹjọ́. Ti Fágúnwà yàtọ̀: lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938), Igbó Olódùmarè (1949) padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ bàbá Àkàrà-ògùn, akọni ìwé àkọ́kọ́ náà, kí a lè mọ orírun ọmọ. Ọ̀nà Fágúnwà ni ti Stroud fara jọ jù. Ọdún ń lọ síwájú nínú ìwé Stroud, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ń padà sẹ́yìn, títí tó fi dé ọjọ́ tí Ìṣòro bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé mo ti sọ ìtàn ìdárayá di ẹjọ́, pé ìjà, àwàdà àti tíì àárín òru ni ọmọdé ń wá lọ sínú ìwé wọ̀nyí. Òótọ́ ni, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀. Mo tún gbà pé àárín The Creeping Shadow fà, àti pé aláṣẹ ìjọba nínú ìtàn kò gbọ́n tó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Wythburn Mill nínú ìwé kìn-ín-ní. Jacobs, àgbàlagbà tó ń darí Lucy nígbà tó wà lábúlé, kò gbọ́ ìkìlọ̀ ọmọ náà. Ó dúró síta, àwọn ọmọdé wọlé, àwọn ẹgbẹ́ Lucy sì kú. Kí ìtàn tó gbéra ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìwé tó bá fi irú òkú bẹ́ẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, tó tún fi Marissa sí ìparí, kì í ṣe eré nìkan ló ń ṣe.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi àwọn ìwé náà ṣe tún jẹ́rìí sí i. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Netflix gbé Lockwood & Co. jáde, Joe Cornish ló darí iṣẹ́ náà, apá mẹ́jọ ni, ìwé kìn-ín-ní àti ìkejì ló sì kárí. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n ti fagi lé e. Ẹni tó wò ó rí Fairfax, ó sì rí dígí eegun. Kò rí òrùka, kò rí ẹnu ọ̀nà, kò mọ Marissa. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tó ń wá ìwé fún ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn ẹ̀rù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti The Screaming Staircase, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà fo The Hollow Boy.