Igba Kí Ni?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́, ewì lẹ mọ̀ mọ́ mi, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìtàn ni mo gbé wá. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kò tíì pẹ́ tí mo lọ sí mùsíọ́mù kan. N ò ní í dárúkọ ibẹ̀, nítorí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Wọ́n gbé igbá fínfín kan sínú gíláàsì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan tó dà bíi fóònù ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó o bá fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ á jáde. Tó o bá tún tẹ bọ́tìnnì kan nísàlẹ̀, ó yẹ kó pe orúkọ nǹkan náà sí ọ létí. Ọmọkùnrin kékeré kan ló ṣáájú mi. Ó fọwọ́ kàn án, lẹ́tà gàdàgbà jáde: IGBA. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, igba kí ni?"

Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀rọ, ó wo gíláàsì, ó ní bóyá ọdún tí nǹkan náà ti lò láyé ni, pé igba ọdún ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Àbúrò, igbá ni. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi fín in lára."

Ó ní, "Kí ni wọ́n fín síbẹ̀?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. N ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, èmi tó jẹ́ pé igbá fínfín ni bàbá ìyá mi fi jẹun ní Ọ̀yọ́, n ò mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ló rán mi padà sí ìtàn kan tí gbogbo wa ti gbọ́ ní kíláàsì. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí amọ̀, ó sì rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní orí Olókun. Iṣẹ́ náà dára débi pé kò lè gbà pé àwọn baba ńlá wa ló ṣe é. Ó ní àṣẹ́kù àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ẹ gbọ́ o! Ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń bọ ọ́ wà láàyè, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Frobenius ló wọ inú ìwé. Nígbà tó di ọdún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, orí idẹ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ohùn onílé kò bá bá rìn, àlejò ni yóò sọ̀rọ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni mùsíọ́mù dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Èsìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta wà, bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Ti Oníkàn l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n gba nǹkan wa lọ́wọ́ ikán àti olè. Ṣùgbọ́n inú gíláàsì ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á wá fi káàdì kékeré kan sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ná. Orin ẹ̀fẹ̀ lóru, ìlù, ijó, ariwo ọjà, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Tó bá dé inú gíláàsì, igi ni káàdì ń pè é, igi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Irọ́ kọ́ o, àmọ́ ṣé òun náà nìyẹn?

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí àwọn ẹ̀rọ tuntun yìí. Ní Oníkàn kan náà, wọ́n kọ́ John Randle Centre for Yoruba Culture and History, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ẹ̀gbẹ́ odò ìwẹ̀ tí Dókítà Randle kọ́ ní 1928 ló wà, èyí tó kọ́ kí àwọn ará Èkó lè mọ ìwẹ̀, nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ̀ tí wọn ò ṣe é. Àwòrán ń rìn lára ògiri níbẹ̀, ohùn ń jáde, Yorùbá sì ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì nínú ohun tí wọ́n kọ.

Àwọn ará Ẹdó, aládùúgbò wa, náà ò gbẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Digital Benin jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Benin ní 1897, ẹrù náà sì fọ́n káàkiri ayé. Iṣẹ́ yìí kó àwòrán ohun tó lé ní 5,000 jọ láti ilé ìkẹ́rùsí 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọ́n fi orúkọ Ẹdó sí i, ohùn ọmọ Ẹdó sì ń pè é. Ọ̀pọ̀ ère náà ṣì wà lókèèrè, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti padà wálé.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í mọ ohun tí wọn ò bá sọ fún un. Tí NEPA bá múná lọ, jẹnẹrétọ̀ wà. Tí bọ́tìnnì bá bàjẹ́, ẹnìkan á tún un ṣe. Àmì orí IGBA yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa lè fi sí i ní ìṣẹ́jú kan. Ohùn tí wọn ò gbà sílẹ̀ rárá ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ ló láṣọ. Àkísà ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn bàbá wa.

Bàbá ìyá mi kú ní èṣí. Gbogbo họ́lídè ni mo ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, igbá lórí itan, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń fín in ni wọ́n á máa dárúkọ ohun tí wọ́n ń fín. Fóònù wà lọ́wọ́ tèmi náà, orin ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀, etí mi méjèèjì dí. Lónìí, fọ́tò wọn mọ́kànlélógójì ló wà nínú fóònù mi, mo ti kà á. Ohùn wọn, ẹyọ kan ò sí. Nínú ọ̀kan, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń sọ nǹkan. Mo ti wò ó títí. N ò rántí ohun tí wọ́n ń sọ.

Láti ọdún kìíní mi níbí ni mo ti ń bú Frobenius. Ṣùgbọ́n Frobenius wá láti Jámánì, ó béèrè, ó kọ ọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ ṣì í kọ. Èmi tí mo jókòó sẹ́sẹ̀ bàbá, n ò béèrè.

Họ́lídè ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ àgbà kan nílé yín. Ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, kí ẹ sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá wa kan ṣì kù ní Ọ̀yọ́. Ojú wọn ò ríran mọ́, àmọ́ wọ́n ní tí wọ́n bá fọwọ́ ra igbá, wọ́n á sọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Mo ti ra igbá kan dání.